Ẹni Tó Ń Bọ́ Ẹ̀fọn

Kó tó ki ọwọ́ bọ àgò ẹ̀fọn, ó máa ń fi omi lásán nu ọwọ́ náà láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Kì í lo ọṣẹ. Ọṣẹ ní òórùn, ẹ̀fọn kò sì fẹ́ òórùn ọṣẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò yí inú ọwọ́ sókè, níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́, bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Yóò ki í bọ inú apá aṣọ tí wọ́n rán mọ́ ẹnu àgò, yóò rọra mí sí i lẹ́ẹ̀kan, yóò sì gbé ojú sí ògiri.

Kì í wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń bà lé e. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi iṣẹ́ ló máa ń wò. Wọ́n á wò, wọ́n á fa ọwọ́ yọ kíákíá, ẹ̀fọn á fò jáde tẹ̀ lé ọwọ́, gbogbo yàrá á sì di ìpàtẹ́wọ́. Ní tirẹ̀, ògiri ló ń wò. Omi ti jò sára ògiri náà rí, àmì rẹ̀ sì dà bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ yìí ni yóò máa wò títí wọn yóò fi yó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n yó. Ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí wọn kí wọ́n gbéra, ó fa ọwọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so ẹnu apá aṣọ náà. Ibi tó ti ń so ó ló ti rí i. Ní ìdí ibi tí wọ́n rán, níbi tí aṣọ ti ká wọnú ara rẹ̀, ó rí òwú pupa kan. Ó fi èékánná tú ibi tó ká. Inú ìṣẹ́po aṣọ náà pupa. Ìta rẹ̀ nìkan ló funfun.

Ó jókòó.

Ìyá Ẹ̀fọn ni gbogbo ilé ìwádìí náà ń pè é, àtọ̀gá àtọmọ iṣẹ́. Ilé ọ̀hún jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta. Lókè pátápátá làwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé wà. Ìbéèrè ni iṣẹ́ tiwọn: kí ló dé tí ẹni tí kò ní tó fi ń ra èyí tó wọ́n, kí ló dé tí àgbẹ̀ kan fi gba irúgbìn tuntun, tí aládùúgbò rẹ̀ kò fọwọ́ kàn án. Láàárín làwọn onímọ̀ ìlera wà, àwọn tó ń yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wò, àwọn tó ń fi tẹ́ẹ̀pù yí orí ọmọ tuntun ká. Nísàlẹ̀ làwọn tó ń wádìí ohun ẹlẹ́mìí wà: eku nínú yàrá kan, ewé nínú òmíràn, ẹ̀fọn ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìgbálẹ̀ ló gbé wọ ilé náà. Ó ti gbá gbogbo rẹ̀ rí, láti òkè dé ilẹ̀, kó tó di pé ẹ̀fọn yàn án.

Bí wọ́n ṣe yàn án kò le. Ọ̀gá yàrá ẹ̀fọn ìgbà náà ń wá ẹni tí yóò yọ̀ǹda ọwọ́ fún àwọn ẹ̀fọn, torí ẹ̀fọn tí kò bá mu ẹ̀jẹ̀ kò ní yé. Àwọn òṣìṣẹ́ mélòó kan gbà. Nígbà tí wọ́n wo ìwé tí ẹ̀fọn yé sí, ti àwọn yòókù wà jálajàla. Tirẹ̀ dúdú ṣùṣù bí ẹni da ẹ̀tù sílẹ̀. Ọ̀gá náà ní, "Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín dùn o." Ó gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé, ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ tó ṣì wà láàyè nígbà náà. Ọkọ rẹ̀ ní, "Mo ti mọ̀ tipẹ́. Gbogbo ẹ̀fọn yàrá yìí, ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n ń sùn. Èmi ò já mọ́ nǹkankan lójú wọn."

Bàbá tó ń ṣọ́ géètì náà ní àwàdà tirẹ̀. "Òógùn ni gbogbo wa fi ń jẹun," ni yóò wí nígbà tí obìnrin náà bá ń wọlé. "Ti ìyá yìí, ẹ̀jẹ̀ ni."

Òun náà á dá a lóhùn láìdúró: "Àwọn tó ń jẹ ọ́ nílé ńkọ́? Wọ́n ti san tìrẹ?"

Ẹ̀fọn tó ń bọ́, ẹ̀fọn mímọ́ ni. Inú yàrá yẹn ni wọ́n ti yọ nínú ẹyin, inú àwo omi tó ń wò láràárọ̀ ni wọ́n ti ṣe tanwíjí, wọn kò sì mu ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn rí yàtọ̀ sí tirẹ̀. Apá aṣọ funfun ló wà lẹ́nu àgò wọn. Àgò tó bá ní apá aṣọ pupa, ènìyàn kì í ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ti Dókítà Kékeré ni. Wọn kò tíì fi oyè náà dá a lọ́lá, ìwé tí yóò fi gbà á ló kù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní kékeré. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ga, tó ń tẹ orí ba kó tó wọ ẹnu ọ̀nà tí kò kéré. Ẹ̀jẹ̀ tó ní àìsàn nínú ló ń fún àwọn ẹ̀fọn tirẹ̀ mu, ó sì ń wò ó bóyá yóò ràn wọ́n.

Ibà kan ni àìsàn náà, tí kì í ṣe ibà tí gbogbo wa mọ̀. Àgbà tó bá ràn lè má mọ̀ rárá. Ara á gbóná díẹ̀, ojú á pọ́n, á lọ. Ṣùgbọ́n bó bá dé ara aboyún, ọmọ inú ló ń wá. Orí ọmọ náà kò ní dàgbà bó ṣe yẹ. Kò sí ẹni tó jókòó kọ́ Ìyá Ẹ̀fọn ní èyí. Nígbà tó ń gbá àjà àárín, ó máa ń rí àwọn ìyá lórí bẹ́ǹṣì. Ó rí ọ̀kan tó ń ká etí fìlà ọmọ rẹ̀ wọlé. Ó ká a, ó gbé e dé ọmọ lórí, ó ṣí i, ó tún un ká. Fìlà náà ṣì tóbi. Ó gbá abẹ́ bẹ́ǹṣì náà, ó kọjá.

Ó mọ bí ọ̀rọ̀ apá aṣọ ṣe rí. Ẹ̀bi ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Wọ́n máa ń fọ àwọn apá aṣọ náà nígbà tí àgò bá ṣófo, pupa lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó fọ̀ wọ́n gbẹ̀yìn, omi ẹ̀rọ ń wá, ó ń dá. Ó da gbogbo rẹ̀ sínú bàsíà kan, ó sì da oògùn tó ń mú aṣọ funfun sí i kí pupa má baà ba funfun jẹ́. Pupa kò ba funfun jẹ́. Òun ló ṣá. Ó rí èyí tó ṣá jù náà lórí okùn nínú oòrùn, ó dá a mọ̀, ó sì fi í sẹ́nu àgò Dókítà Kékeré, ní apá òsì, níbi tó yẹ kó wà. Ó ní òun á sọ fún un. Ẹnìkan ké sí i nígbà náà. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ amúlétutù yàrá inú, níbi tí àwọn àgò pupa ń gbé, dákẹ́. Wọ́n kó àwọn àgò pupa jáde sí yàrá ìta fún ọjọ́ díẹ̀ kí àwọn oníṣẹ́ ráyè wọlé. Tábìlì kún. Wọ́n gbé ọ̀kan sí ìparí tábìlì tirẹ̀, ara àwọn funfun, orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì kọjú sí ògiri. Òun tó sì jẹ́ pé àwọ̀ ló fi ń dá wọn mọ̀, ó wo àwọ̀.

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ nísinsìnyí. Ó ti ń wú. Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ti dẹ́kun wíwú. Ara ti mọ àwọn ẹ̀fọn rẹ̀ bí ara ṣe ń mọ ibùsùn. Ó wò ó títí.

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kì í ṣe ọwọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nílé. Ọkọ ọmọ náà ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ ọ̀nà jíjìn, kì í sí nílé, ni ọmọ náà ṣe kó wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kó lè bímọ níbẹ̀. Oyún náà ti yọ. Méjì ló ti bọ́ lára rẹ̀ ṣáájú èyí. Lórí ìkejì, dókítà tó tọ́jú rẹ̀ sọ fún ìyá nìkan ní kọ̀rọ̀ pé ẹ máa ṣọ́ ọ, ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun já a láyà.

Dókítà Kékeré wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Àwọn ọmọ yín ti jẹun?"

"Wọ́n ti yó."

"Ó ku èmi nìyẹn." Ó bu búrẹ́dì jẹ.

Obìnrin náà ní, "Dókítà, àwọn tìrẹ yẹn. Àwọn tó mu ẹ̀jẹ̀ àìsàn. Ṣé gbogbo wọn ló ràn?"

"Rárá o. Òmíì á mu ún, á yà á dànù, ara ẹ̀ á le koko. Òmíì, á dé itọ́ ẹ̀. Èyí tó bá ti dé itọ́ ẹ̀ ló léwu."

"Èwo ló pọ̀ jù nínú wọn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ohun tí mo ti ń wá kiri láti èṣí nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, kí n lọ gba oyè mi kí ìyá mi sinmi àdúrà."

Kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí i.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo ọwọ́. Ó wo ojú rẹ̀. Ó wá wo tábìlì dé ìparí. Ó gbé búrẹ́dì sórí àpótí láìwo ibi tó gbé e sí, ó lọ yí àgò náà padà, ó ka orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó pẹ́ lórí ìlà kan ṣoṣo.

"Inú èyí?"

"Inú ẹ̀ ni."

"Ṣé ó pẹ́?"

"Ó pẹ́ tó kí wọ́n yó."

Ó jókòó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. "Ta lẹ ti sọ fún?"

"Ìwọ."

Obìnrin náà ti tọ́mọ. Ó mọ ojú ọmọ tó fọ́ nǹkan, tó ń wo ilẹ̀kùn. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, wọn yóò ti yàrá náà pa, wọn yóò ní kí wọ́n pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọdún yóò sì lọ. Ó dúró, ó ń retí ohun tí yóò sọ. Ẹ̀rù bà á, torí kò mọ ohun tí òun fúnra òun yóò ṣe bí ọmọ náà bá ní kí àwọn méjèèjì gbé ẹnu dákẹ́.

Dókítà Kékeré dìde. Ó gbé àgò tó wà ní ìparí tábìlì, ó gbé e sínú fíríìsà. Ó padà wá gbé èkejì. Ó gbé gbogbo tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pa ìdérí fíríìsà dé, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí bí ẹni ń tẹ ọmọ sùn. Ariwo ẹ̀fọn wà nínú yàrá yẹn láti òwúrọ̀ dalẹ́, débi pé etí kì í gbọ́ ọ mọ́. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kéré ni obìnrin náà tó gbọ́ ọ.

"Ẹ̀rọ kan wà tó máa ń yẹ̀ wọ́n wò," ni obìnrin náà sọ. "Kò lè sọ bóyá wọ́n ní in?"

"Ó lè sọ ọ́. Oògùn tá a fi ń ṣe é ló ṣì wà ní èbúté. Wọ́n ní ìwé ẹ̀ kò pé."

"Láti ìgbà wo?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ sókè."

Ó mú un gun àkàsọ̀, ó ṣíwájú, ó ń dúró dè é bí ẹni pé àgbàlagbà náà ti ń ṣàìsàn. Nọ́ọ̀sì àjà àárín mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n jọ wọ ilé náà ní ọdún kan náà, ọ̀kan pẹ̀lú abẹ́rẹ́, èkejì pẹ̀lú ìgbálẹ̀.

"Ìyá Ẹ̀fọn," ni Nọ́ọ̀sì sọ, "kí ló gbé yín wá sọ́dọ̀ àwa tá à ń gba ẹ̀jẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́?"

Dókítà Kékeré sọ ọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò sì yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò. Nọ́ọ̀sì bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó so rọ́bà mọ́ apá kejì, èyí tí kò wú, ó fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò.

"Èyí tí mo gbà yìí kò ní sọ nǹkankan lónìí," ó ní. "Mo gbà á kí á lè mọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Tí kò bá sọ nǹkankan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ ó tún wá lọ́sẹ̀ kejì."

"Kí ni oògùn ẹ̀?"

"Kò ní. Tó bá ṣe tiyín nìkan, kò sí wàhálà púpọ̀ níbẹ̀, ara á gbé e kúrò. Ẹ sáà má jẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ yín." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó gbé e mì. "Ẹ̀fọn ilé ni mò ń wí. Tó bá jẹ yín, tó wá lọ jẹ ẹlòmíì, ó ti gbé e kiri nìyẹn."

"Láti ọjọ́ wo?"

"Bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ó lè yá jù bẹ́ẹ̀, ó lè pẹ́. Ara ò dọ́gba."

Ìyá Ẹ̀fọn mi orí. Ara ò dọ́gba. Ẹni tí ẹ̀fọn yàn láàárín gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀ pé ara ò dọ́gba.

"Ta ló wà nílé pẹ̀lú yín?" ni Nọ́ọ̀sì bi í. Ó ti mú kálámù.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Láti ibi tó jókòó sí, ó ń rí ìparí bẹ́ǹṣì, ó ń rí ẹsẹ̀ àwọn obìnrin, bàtà tí wọ́n ti tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ torí ẹsẹ̀ tó wú. Ó mọ bó ṣe ń lọ. Wọn yóò kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọn yóò ní kó máa wá lóṣooṣù. Wọn yóò na ẹ̀rọ sí ikùn rẹ̀, wọn yóò wo ojú ẹ̀rọ, ọ̀kan yóò sọ nǹkan sí èkejì ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wọn yóò sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Wọn kì í ṣe ènìyàn búburú. Ṣùgbọ́n wọn kò lè dá àìsàn náà dúró. Bó ṣe ń lọ ni wọ́n ń wò.

"Èmi nìkan ni," ó ní.

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó jáde, Dókítà Kékeré sì dúró lẹ́yìn láti bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ọ̀nà ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo yàrá ìsàlẹ̀ ti dín kù, kò sì fẹ́ lọ sílé ní ọ̀sán gangan kí ọmọ rẹ̀ má bi í léèrè. Ibi tó ti dúró lórí àkàsọ̀ ni Abèèrè ti bá a. Ọmọbìnrin kan ni, láti àjà òkè, lára àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé. Orúkọ tí gbogbo ilé fún un nìyẹn nítorí kò sí ẹni tí kò tíì bi ní nǹkan, títí kan bàbá géètì.

"Màmá, ẹ ti gbàgbé mi o. Ẹ ní ẹ máa bá mi ṣe é lónìí."

"Kí ni?"

"Eré tèmi. Kò ní pẹ́. Ọṣẹ ń bẹ níbẹ̀."

Bó bá ní òun kò ṣe, ọmọ yìí yóò béèrè ìdí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó tẹ̀ lé e gòkè.

Yàrá kékeré ni, tábìlì kan, àga méjì. Lórí tábìlì, ọṣẹ kan dá wà lọ́tọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, odidi páálí ọṣẹ kan, àti àpò aṣọ kan tí wọ́n fi okùn fún lẹ́nu.

"Ẹ̀yin lẹ máa yàn," ni Abèèrè sọ. "Tẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tó dájú, ọṣẹ kan rèé, ẹ gbé e. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ ki ọwọ́ bọ àpò yìí. Ìlẹ̀kẹ̀ ló wà níbẹ̀, dúdú àti funfun. Tẹ́ ẹ bá mú funfun, páálí yìí ń bá yín lọ sílé. Tó bá jẹ́ dúdú, ẹ ò gba nǹkankan."

Ó wo ẹnu àpò náà. Aṣọ funfun ni wọ́n fi rán an.

"Dúdú tó wà níbẹ̀, ṣé ó pọ̀?"

"Mi ò gbọdọ̀ sọ."

"Ìwọ mọ̀ ọ́n?"

"Èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n, Màmá. Ọ̀gá wa ló dì í. Wọ́n ní kí ojú mi má baà sọ fún ẹnikẹ́ni."

Abèèrè ń fi sùúrù dúró bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Níkẹyìn obìnrin náà gbé ọṣẹ kan ṣoṣo náà, ó fi í sínú àpò aṣọ rẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi yan èyí? Dandan ni kí n béèrè, ẹ má bínú."

"Mi ò fẹ́ ki ọwọ́ bọ nǹkankan mọ́ lónìí."

Abèèrè rẹ́rìn-ín dáadáa, ó sì kọ nǹkan tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó dúró ní ìsàlẹ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Ó nu tábìlì tó ti mọ́. Ó tún un nù. Nígbà tó ń jáde, bàbá géètì ti la ẹnu láti sọ tirẹ̀, ó sì rí ojú rẹ̀.

"Ìyá Ẹ̀fọn, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí."

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ o," ni bàbá náà sọ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Yàrá kan àti pálọ̀ ló ń gbé, ẹnu ọ̀nà kọjú sí gọ́tà. Láti ọdún pípẹ́ tó ti ń kọjá lára gọ́tà yìí, kò tíì bẹ̀rẹ̀ wò ó rí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tanwíjí wà níbẹ̀, wọ́n ń dorí kodò, wọ́n ń jó bíi ti inú àwo rẹ̀ níbi iṣẹ́ gan-an. Ó wọ àgbàlá. Ó da omi garawa tó fọ́ nù. Ó da omi abẹ́ ìkòkò òdòdó nù. Ó rí ìdérí ìgò kan tí òjò kún, ó dà á nù. Ó ń rìn káàkiri bí ẹni tó sọ òwú nù.

Ọmọ rẹ̀ ń wò ó láti orí àga lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ nà sórí àpótí, ọwọ́ lórí ikùn.

"Màmá, ṣe lẹ̀ ń lé àwọn ọmọ yín nílé?"

"Wọlé. Ilẹ̀ ti ń ṣú."

"Inú ilé móoru. Ẹ jẹ́ kí n gba atẹ́gùn fún àwa méjèèjì." Ó gbá ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Lónìí, kò jẹ́ kí n sinmi. Bọ́ọ̀lù ló ń gbá látàárọ̀. Ó jọ bàbá ẹ̀, kò lè jókòó sílé."

Ìyá náà dúró ní ọ̀nà jíjìn sí i, níbi tó ti lè rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó nà láìní aṣọ. Ẹ̀fọn kan ti bà lé e. Ojúgun ló bà sí, ó gbé ìdí sókè díẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, tó túmọ̀ sí pé ó ti ń mu. Kò mọ ìgbà tí òun dé ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà. Ó gbá a.

"Yéè. Ẹ gbá mi gan-an o."

Ó ṣí ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, èyí tó pọ̀ ju ti ẹ̀fọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mu lọ. Ẹ̀jẹ̀ náà ti dúdú díẹ̀, bí èyí tó ti mu lára ẹlòmíràn tẹ́lẹ̀. Ó gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní kí n má pa wọ́n," ni ọmọ rẹ̀ sọ. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi ọwọ́ pa ojúgun. "Ẹ ní ìdílé ni wọ́n."

"Ìgbà wo ni èyí wọlé?"

"Ẹ̀fọn? Ṣé ó máa ń kí ènìyàn tó bá wọlé ni?"

Ó nu ọwọ́ sára aṣọ. Ó mọ̀ pé ọjọ́ kò tíì pé. Nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́. Ó mọ̀ ọ́n, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀.

"Gbọ́," ó ní. "Mo fẹ́ kó o lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọmọ náà. "Nígbà wo?"

"Lọ́la. Àárọ̀."

"Kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkankan."

"Wọ́n sọ nǹkan sí yín nípa mi ni? Ṣé mo jẹ ilé tán ni?"

"Mo ní o ò ṣe nǹkankan. Ilé wọn tóbi. Wọ́n ní àwọ̀n lójú fèrèsé."

"Àwọ̀n." Ọmọ náà wò ó. "Màmá, ọmọ méjì ti bọ́ lọ́wọ́ mi nílé wọn. Yàrá yẹn náà ni wọ́n á tún fún mi. Mi ò lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ lé mi, ṣùgbọ́n mi ò lọ síbẹ̀."

Ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ọwọ́ rẹ̀ di ikùn mú nísàlẹ̀, bí ẹni gbé ìkòkò omi. Ìyá náà rí ọwọ́ yẹn. Ó rántí ọ̀rọ̀ dókítà pé kí ohunkóhun má já a láyà.

"Kò sẹ́ni tó lé ọ," ó ní. "Ó ti tán. Má sunkún."

"Mi ò sunkún."

"Ó dáa."

Ó wọlé. Ó mú àwọ̀n ẹ̀fọn tó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tí wọn kì í lò nítorí ooru, ó gbọ̀n ọ́n, ó so ó mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá lórí ibùsùn. Ó ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ tìmùtìmù yípo. Ó fi ọwọ́ tọ ọ́ láti orí dé ẹsẹ̀, ó wá ihò. Ó rí ọ̀kan. Ó mú òwú àti abẹ́rẹ́, ó rán an, ó tún un rán. Ó kó ìró kan àti aṣọ iṣẹ́ sínú báàgì. Ó yọ ọṣẹ kúrò nínú àpò, ó gbé e sórí tábìlì.

Ọmọ rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Ibi iṣẹ́. Ibẹ̀ ni n ó máa sùn fúngbà díẹ̀."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?"

"Ẹ̀rọ kan ló bàjẹ́. Wọ́n nílò ẹni tí yóò wà nítòsí."

"Ẹ̀yin àti ẹ̀fọn ni yóò jọ sùn?"

"Ẹ̀fọn ibẹ̀ wà nínú àgò." Ó gbé báàgì. "Máa wọ abẹ́ àwọ̀n kí ilẹ̀ tó ṣú. Má tú etí ẹ̀. Tí ooru bá mú ọ, jẹ́ kó mú ọ."

"Ṣé torí ohun tí mo sọ ni? Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ torí ohun tí mo sọ…"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Tó bá dé lójijì ńkọ́? Tó bá jẹ́ òru, tí èmi nìkan wà?"

Ìyá náà dúró. Ọmọ rẹ̀ wà ní ìwọ̀n ọwọ́ kan sí i, òórùn ara rẹ̀ sì ń bọ̀, òórùn ìpara àti òógùn. Ó na ọwọ́ tí kò wú bí ẹni fẹ́ kan ikùn náà. Ó fà á padà kó tó dé ibẹ̀.

"Pe ìyá tó wà ní yàrá kejì. Mo ti bá a sọ̀rọ̀," ó ní. Kò tíì bá a sọ̀rọ̀.

Ó kan ilẹ̀kùn yàrá kejì bó ṣe ń kọjá, ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n dá a lóhùn. Ó sọdá gọ́tà sí òdì kejì ọ̀nà. Ó fa apá aṣọ rẹ̀ wálẹ̀ títí ó fi bo àtẹ́lẹwọ́, ó sì fi ìka di etí aṣọ náà mú.

"Màmá, ẹ ò tíì jẹun," ni ọmọ rẹ̀ ké sí i láti ẹnu ọ̀nà.

Ó gbọ́. Ó ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó jìnnà sí omi gọ́tà, báàgì lábẹ́ apá, kò sì wẹ̀yìn.